Lẹ́tà Tí Wọ́n Já Lójú Mi

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọ ìròyìn láti Houston ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Yorùbá kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni. Kí n tó kúrò nílé, olóòtú wa dì mọ́ mi, ó ní, "Ojú wa ni ọ́ níbẹ̀ o, etí wa sì ni ọ́." Ó dùn mọ́ mi nígbà náà. N kò tíì mọ̀ pé ibi tí ènìyàn bá dé, tó jẹ́ pé ojú àti etí nìkan ló gbé wá, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn tí aráyé lè fojú rí, wọn kò ní pẹ́ bi í léèrè ẹni tó rán an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àsìkò náà ṣe rí. Ẹ̀wádún 1980 ti dé ìdajì. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nílé. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ epo tó to ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì ńlá I-10 ń dá àwọn ẹnjiníà dúró bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn èso lórí igi. Àwọn ọmọ wa tí ìwé ìgbélùú wọn ti kú kò níye. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ láìkọ́kọ́ tẹ̀ ọ́ láago, ojú fèrèsé lo ó ti kọ́kọ́ yọjú wò ó, o ó wá bi ara rẹ bóyá o wà nílé.

Iṣẹ́ tèmi sì rèé, ìbéèrè ni. Ọmọ ibo ni ọ́? Agboolé wo? Ta lẹ jọ ń gbé? Ìgbà wo lo dé? Nílé, ìkíni nìyẹn. Bí o kò bá béèrè, wọn yóò ní o ń gbéra ga. Ní Houston, lọ́dún wọ̀nyẹn, ìbéèrè ọlọ́pàá ni.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé bàbá arúgbó kan ni mo ń gbé ní àdúgbò Third Ward. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni bàbá náà, ó ti súnmọ́ ọgọ́rin ọdún. Nígbà tó wà ní géńdé, láàárín ogun àgbáyé kìíní sí ìkejì, ó ti ṣe irú iṣẹ́ mi yìí gan-an ní Japan, fún ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú kan níhìn-ín. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé akọ̀ròyìn ni mí, kò béèrè ìwé ìròyìn wo. Ohun tó béèrè ni pé, "Ta ló ń ṣọ́ ọ?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ mi, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ní Tokyo, òun ní ọlọ́pàá tó jẹ́ tòun nìkan. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń wá. Á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á jókòó sórí ẹní, á bi obìnrin tó ń dáná fún òun pé kí ni ọ̀gá jẹ lọ́sẹ̀ yìí, ta ló sì bá a jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, bàbá kúkú ń bu tíì kalẹ̀ dè é.

"Ẹ̀rù kò bà yín?"

"Ẹ̀rù rẹ̀ kò bà mí. Mo mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹja fún mi, ẹni tó ń kọ́ mi lédè, àwọn yẹn ni n kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe."

Mo fi í ṣe ìtàn àtijọ́. Mo ní Japan nìyẹn, ibí ni Amẹ́ríkà.

Ìjọ Aládùúrà kan ni mo ń lọ. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ta táyà tẹ́lẹ̀ ni a ń lò, bí oòrùn bá mú, òórùn rọ́bà a máa jáde lára ògiri, á dàpọ̀ mọ́ ti tùràrí. Bí ìsìn bá parí, a jọ máa ń jẹun. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ìròyìn mi. Èmi náà a sì máa mú ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde, n ó gbé e lé orúnkún.

Ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú ìjọ, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó epo, bẹ́ẹ̀ ìwé tó fi wọ̀lú kò gbà á láyè iṣẹ́. Mo bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn Ìmígíréṣọ̀n dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kí oṣù tó parí, ó ti wà nínú bàálù. Ibùdó epo mẹ́rin ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo ìjọ ló sì gbọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn kan ṣoṣo ni wọ́n rí tó mú ìwé àkọsílẹ̀ jókòó ti ọmọ náà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe wọlé oúnjẹ, ọ̀rọ̀ dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n pa iná.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ní, "Ẹ rọra o. Rédíò ti dé."

Èkejì ní, "Ìyá, ẹ má sọ iye ata tí ẹ fi sí i o. Kó tó dọ̀la ó ti dé Ìbàdàn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwo ìrẹsì tí wọ́n gbé fún mi, mo wá ẹran níbẹ̀ tì.

Alàgbà kan wà láàárín wa, ẹnjiníà ni níbi iléeṣẹ́ epo kan ní I-10. Oṣooṣù ni wọ́n ń dá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, kò sì mọ ọjọ́ tí yóò kan òun. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ta ni ọ̀gá rẹ gan-an?"

"Olóòtú ìwé ìròyìn wa ni, sà."

"Olóòtú yẹn, ta ni ọ̀gá tirẹ̀?"

Mo ro ó. Mo ní n kò mọ̀ dájú.

"Ẹ̀hẹ́n," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ, bí adájọ́ tó ti gbọ́ ẹjọ́ tán.

Ẹni tí wọ́n bá ń fura sí, kì í pẹ́ tí òun náà fi ń fura. Mo rí mọ́tò aláwọ̀ eérú kan tó ń dúró sí ọ̀ọ́kán ilé bàbá ní àràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gba ẹ̀yìn ilé jáde nítorí rẹ̀, kí n tó mọ̀ pé aládùúgbò wa ló ń dúró dè kí wọ́n jọ lọ síbi iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀ kúrú nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, kí ẹni tó bá rí i má lè kà á. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé amí ṣe ń rí.

Ẹni kan ṣoṣo ló ṣì ń fi ẹran sí oúnjẹ mi. Sístà Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ìjọ ń pè é. Obìnrin tó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ara bá ń ro ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n ń fi han. Ìlú tó ti wá, n kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ohun tí mo kọ yìí, ó ti fún mi láṣẹ kí n kọ ọ́, mo sì ti yí ohun tó yẹ kí n yí padà. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òun mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n gbé òun lọ síbi iṣẹ́ ní ìlú La Porte. A gba ẹ̀gbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ kẹ́míkà kọjá, iná ń jó lórí páìpù gíga wọn lọ́sàn-án gangan, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ wọ inú ọkọ̀. Mo rò pé ọsibítù là ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé kan báyìí tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló ní kí n dúró.

"Bùrọ̀dá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì."

Ó ní wíwẹ̀ ni òun ń wẹ àwọn arúgbó, òun ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n nílé, ìlú ti gbọ́ pé ó yege. Ìyá rẹ̀ ti ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe màámi báyìí. Bí ibà bá ń ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á gbé e wá bá wọn, kí wọ́n kọ̀wé bi mí, oògùn wo ni kí àwọn lò."

"O wá ń dá wọn lóhùn?"

"Mo ń ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Kí lẹ́tà mi tó dé ọ̀hún, ọmọ náà á ti máa gbá bọ́ọ̀lù."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó ní ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta ku oṣù kan àti ààbọ̀. Bí òun bá yege, irọ́ yẹn á di òótọ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ láé. Bí wọ́n bá gbọ́ nílé kó tó di ìgbà náà, ìtìjú ni yóò pa ìyá òun, àìsàn tó wà lára rẹ̀ kò ní tíì ráyè.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́."

"N kò ní sọ."

N kò sì sọ. Mo kọ ọ́.

Kí n má parọ́, ó jẹ́ ohun tó dára jù lọ tí mo kọ ní Houston. Ojú ìwé méje ni gbogbo ìròyìn náà, ti epo wà níwájú, tirẹ̀ wà lẹ́yìn. Mo yọ orúkọ rẹ̀, mo yọ ti ìlú rẹ̀. Mo dé ibi tó ti ń wẹ ìyá òyìnbó arúgbó kan, tó ń rọra kọrin Yorùbá sí i létí, tí ìyá náà ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ. Ọkàn mi wú. Ọ̀dọ̀ bàbá mi àgbà ni mo ti dàgbà, ohun tí mo sì bá níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣe ohun tó wú ni lórí, a kì í kọjá lára rẹ̀ lásán, kíkì là ń kì í. Ó ti sọ agboolé rẹ̀ fún mi. Mo bá kì í. Ẹsẹ̀ mẹ́fà nínú oríkì ìdílé wọn ni mo gbé kalẹ̀, wọ́n jókòó sójú ewé bí ọba. Inú mi dùn, mo sùn.

Láàárín wa, ẹni tó bá ń lọ sílé ló ń bá gbogbo ìjọ gbé lẹ́tà, nítorí ti póòsì ń sọnù lọ́nà. Alàgbà ló kàn. Lẹ́tà tí a bá sì fi rán ènìyàn báyìí, a kì í lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹni tó ń gbé e lè mọ ohun tó gbé. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ṣọ́jà ní pápákọ̀ òfurufú ni mo ń rò. Mo lẹ tèmi pa, mo tún fi téèpù yí i ká.

Bàbá onílé mi rí i lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Òkú lo fẹ́ sin ni? Ní Tokyo, lẹ́tà tí mo bá lẹ̀ pa, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kà á."

Mo kí i, mo jáde.

Alàgbà gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè sílẹ̀. "Ó wúwo."

"Ojú ìwé méje ni, sà."

"Hùn," ni ó wí.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀, wọ́n ní kí n dúró lẹ́yìn oúnjẹ. Bàbá Ìjọ wà níbẹ̀, àwọn ìyá wà níbẹ̀, gbogbo wa tó mẹ́wàá. Sístà Nọ́ọ̀sì ń kó àwo kúrò lórí tábìlì. Alàgbà gbé lẹ́tà mi sókè.

"Ẹ̀yin ará, mo láya, mo bímọ. Bí ṣọ́jà bá gba nǹkan yìí lọ́wọ́ mi, tó wá jẹ́ pé orúkọ gbogbo yín ló wà níbẹ̀, kí ni n ó wí?"

"Ẹ já a!" ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá wí.

Bàbá Ìjọ kọjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé ká já a?"

Ẹ wò ó, inú mi dùn. Mo ti ń retí irú ọjọ́ yẹn. Ìdáláre mi ni wọ́n gbé dání yẹn. Mo ní, "Ẹ já a, bàbá. Kí wọ́n kúkú kà á sókè."

Alàgbà fi ọ̀bẹ gé téèpù. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó ń kà á bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ó ka ti owó epo. Ó ka ti àwọn ọ́fíìsì I-10, ó dúró, ó wo ẹ̀yìn ewé bóyá orúkọ iléeṣẹ́ tòun fara pamọ́ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń mi orí. Ìyá tó pè mí ní Rédíò ní, "Ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ o." Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ni Alàgbà bá ṣí ewé karùn-ún. "Obìnrin kan ń bẹ láàárín wa níbí, tí àwọn ará ilé rẹ̀ gbà pé nọ́ọ̀sì ni..."

"Ta nìyẹn?" ni ẹnì kan béèrè. Nọ́ọ̀sì mẹ́rin ló wà nínú ìjọ wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn.

Mo gbójú sókè. Sístà Nọ́ọ̀sì dúró gbagidi, ó di àwo mọ́ àyà. Kò wo Alàgbà, èmi ló ń wò.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ewé kan ààbọ̀ sí i, Alàgbà á dé ibi oríkì. Ìyá tó jókòó ti Alàgbà, ìlú tó bá ti Sístà Nọ́ọ̀sì pààlà ni wọ́n ti bí i. Bí wọ́n bá ka ìlà àkọ́kọ́, ìyá yẹn á gba èkejì lẹ́nu wọn, á kì í dé òpin. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ láàárín èèyàn mẹ́wàá ní Houston, báwo ni yóò ṣe rí nílé, níbi tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn wa sókè ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀? Mo fi orúkọ pamọ́, mo wá gbé oríkì síta. Bí ẹni tó sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń kọrin ni mo ṣe ṣe é. Òyìnbó kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ọmọ Yorùbá ló lè ṣe é, ẹni tó rò pé òun gbọ́n ni pàápàá.

Bí mo bá dákẹ́, mo bọ́. Kí wọ́n kà á tán, gbogbo ìjọ á mọ̀ pé n kì í ṣe amí. Bí mo bá dìde, ó parí fún mi.

Mo dìde. Mo na ọwọ́, mo já ìwé gbà lọ́wọ́ àgbà.

Ariwo sọ. "Ẹ rí i! Ẹ rí i!"

"Mo wí bẹ́ẹ̀! Ibi orúkọ ló ń kàn yẹn!"

"Lọ́wọ́ àgbà? Àgbà tó lè bí ọ!"

Bàbá Ìjọ gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. "Ọmọ mi, kí ló kù níbẹ̀ tí o kò fẹ́ ká gbọ́?"

"N kò lè sọ, bàbá."

"Ṣé orúkọ ènìyàn ni?"

Mo wo ilẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wí nípa oríkì? "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Orúkọ ènìyàn ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Alàgbà, kò dáhùn. Mo ki ìwé náà sínú agbádá, mo jáde. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tẹ̀ mí láago nínú ìjọ náà mọ́. Mo sun ojú ìwé méjèèje nínú bésìnì ilé ìdáná bàbá onílé mi. Ti epo nìkan ni mo tún kọ, tí mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi láìtẹ̀ mí láago. Mo gba ojú fèrèsé yọjú. Sístà Nọ́ọ̀sì ni, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo ti rò pé ọpẹ́ ló wá dú. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe ní kó má ṣèyọnu.

Kò jókòó. "Ìwé yẹn dà?"

"Mo ti sun ún."

"Ẹ búra."

"Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ẹ̀dà rẹ̀ ńkọ́? Akọ̀ròyìn máa ń ní ẹ̀dà."

"Kò ní ẹ̀dà."

"Ìwé tí ẹ máa ń gbé lé orúnkún ńkọ́?"

Ó dùn mí. Mo ní, "Sístà, nítorí rẹ ni gbogbo ìjọ fi ń pè mí ní amí. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé n kì í ṣe amí."

"Bùrọ̀dá, àwọn ń fura sí yín lásán, wọn kò rí nǹkan kan. Èmi rí i. Mo ní kí ẹ má sọ, ẹ kọ ojú ìwé mẹ́ta lé mi lórí. Ẹ wá ní kí wọ́n kà á sókè."

Mo kó ìwé àkọsílẹ̀ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá. Ó jókòó nídìí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ewé àkọ́kọ́. Ibi tí mo bá ti gé ọ̀rọ̀ kúrú, á fi ìka sí i, "Kí lèyí?" n ó sọ fún un, á tún wo ojú mi kó tó ṣí ewé. Ó dé ibi ọmọkùnrin ibùdó epo. Ìlú rẹ̀ ni mo kọ, àti pé ó ń ṣe àárò ẹ̀gúsí ìyá rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mi kanlẹ̀. Mo gbé ìrẹsì kaná nítorí n kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Ìrẹsì jiná, ó tutù, ó ṣì ń kà.

Ó já ewé méjì tó kan òun fúnra rẹ̀ yọ. Kò tọrọ gáfárà. Ó wá dúró lórí ìkejì, níbi tí mo ti kọ oríkì, ó ń kà á sínú.

"Ẹ ṣì í níbí."

"Níbo?"

"Ìlà kẹta. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kì wá nílé wa. Ti agboolé ìsàlẹ̀ lẹ kọ."

"Báwo ni wọ́n ń kì yín?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ní ohùn ìsàlẹ̀, bí ìyá ṣe ń kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó dé ìlà kẹta. N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi na sí bírò.

Ó dá ohùn dúró. "Ẹ gbé e sílẹ̀."

Mo gbé e sílẹ̀.

"Ẹ tì í sọ́hùn-ún."

Mo tì í. Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì lórí tábìlì, ó wò wọ́n pẹ́, kó tó máa kì í lọ.